Afẹ́fẹ́ Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Afẹ́fẹ́ ti fi ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà nílé iṣẹ́ ọlọ́dà. Afẹ́fẹ́ ló ń yí wọn, kì í ṣe iná mànàmáná, torí bí iná bá ta pàrà nítòsí ọ̀dà, ọ̀dà á gbiná, ó parí. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ńlá ẹ̀yìnkùlé, tó ń jẹ iná mànàmáná, ló ń ki afẹ́fẹ́ náà sínú páìpù, tí í ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mọ́níjà tuntun dé, ó ní ẹ̀rọ ń falẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣí afẹ́fẹ́ sókè sí i. Ṣebí afẹ́fẹ́ ni? Ọ̀fẹ́ ni!"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ti ìta lọ̀fẹ́, sà. Ti inú páìpù, iná la fi ń rà á. Mi ò ní ṣí i."

"Tí wọn ò bá yí dáadáa kó tó di ọ̀sán ọ̀la, mà á kó wọn dànù, ẹ̀yin náà á sì bá wọn lọ."

Ọkọ Ìyá ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, owó oṣù Ìyá nìkan ni wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀, ẹ̀rù ò bà á, inú ló bí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọwọ́ mọ́níjà yìí ò kan sípánà rí láyé ẹ̀!

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó po ọṣẹ sómi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sójú páìpù. Ibi mọ́kànlá ló hó, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ó dí gbogbo wọn. Ó yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀rọ kúrò, ó fi èyí tó fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló tú ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ń gbà mí afẹ́fẹ́ jáde. Òróró àti eruku ti dí i pa.

"Ẹ dí èèyàn nímú, ẹ tún ní kó sáré," ló ń kùn, ó ń fọ̀ ọ́.

Ìgbà tó wá parí, kò ṣí afẹ́fẹ́ sókè. Ńṣe ló yí i wálẹ̀, láti méje sí márùn-ún lójú gééjì tó ń wọn afẹ́fẹ́.

"Ìyá, ṣé ẹ ti ya wèrè ni?" Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ló figbe ta.

"Bóyá."

Àwọn ẹ̀rọ gbéra. Wọ́n ń yí ọ̀dà bí ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Kò pẹ́, ariwo ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ lójijì. Mọ́níjà sáré jáde.

"Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti bàjẹ́! Kí lẹ ṣe fún un?"

"Kò bàjẹ́, sà. Afẹ́fẹ́ ti tó nínú páìpù ni, kò jò mọ́. Ó ń sinmi."

Mọ́níjà wo àwọn ẹ̀rọ, ó wo gééjì, ó tún wo àwọn ẹ̀rọ. Ó wúkọ́.

"Ẹ… ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mà."

Ìyá Afẹ́fẹ́ mú sípánà rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé mo dúró?"