Èkúté Tó Mí Nínú Omi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà nípa èkúté tó mí nínú omi, díẹ̀ ló kù kí n pariwo ní ilé ìkàwé ní Woolwich, nílùú Ọba níbí. Wọ́n ri èkúté náà bọ inú omi pátápátá, orí, imú, gbogbo ara, kò sì kú. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ o. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ló ṣe é, perfluorocarbon ni wọ́n ń pè é, ó mọ́ gaara, ó wúwo ju omi lásán lọ, ó sì ń gba ọ́síjìn sára lọ́pọ̀lọpọ̀. Èkúté fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì rí ọ́síjìn gbà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti fọ́ irú omi yẹn sí ẹ̀kán kéékèèké kí ó lè máa gbé ọ́síjìn kiri nínú iṣan, bí ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá. Mo ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn débi pé bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé ní Thamesmead, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà, mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Mo ní ìdí tí mo fi ń kàwé. Iṣẹ́ kéà, ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni mò ń ṣe, nọ́ọ̀sì ni mo sì fẹ́ dà. Lọ́dún tó ṣáájú, mo lọ fún intafíù ní yunifásítì kan, wọ́n dá mi padà. Ẹ̀bi mi ni. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ojú tì mí, mo ní mò ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera. Wọ́n ní irú iṣẹ́ wo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí oníkálukú mú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wá, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá tún dá mi padà, ó parí nìyẹn, mi ò ní gbìyànjú mọ́ láé.

Màmá mi ní kí n wá fi dánra wò níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Aládùúrà wa. Wọ́n jókòó nínú gbọ̀ngàn tí a ń yá, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Mo dìde.

"Wọ́n ri èkúté bọ inú omi," mo ní.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Kò kú."

"Halelúyà!"

"Ó ń mí!"

"Ó ń mí o! Àmín!"

Ara mi yá gágá. Bí mo bá sọ ọ̀kan, màá dúró, wọ́n á dáhùn, ohùn mi á tún lọ sókè. Àfi bí màmá mi ṣe nawọ́.

"Wait first. Ó breathe in, a ti gbọ́. Tó bá fẹ́ breathe out ńkọ́? Níbo ni ìyẹn ń gbà? And ta ló gba permission lọ́wọ́ èkúté?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an, nítorí pé mi ò mọ ìdáhùn. Mo padà sí ilé ìkàwé, mo ka ibi tí mo ti fò kọjá. Afẹ́fẹ́ tí ara fẹ́ tì síta kì í tètè jáde nínú omi tó wúwo yẹn, á sì rẹ àyà níbi tó ti ń tì í. Omi náà tún ń gba ooru ara lọ. Àti wọlé ò le, àti jáde ni iṣẹ́ wà.

Lọ́jọ́ intafíù, ẹni mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára.

"Wọ́n ri èkúté bọ inú omi." Mo dúró. Kò sẹ́ni tó fọhùn.

"Kò kú." Mo tún dúró. Ọkùnrin kan wo aago rẹ̀.

Àṣé Halelúyà ni mò ń dúró dè! Àwọn ìyá yìí ti bà mí jẹ́. Obìnrin aláwọ̀ funfun tó jẹ́ olórí wọn béèrè pé, "Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Rárá, mà. Ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti dánra wò. Tí mo bá sọ ọ̀kan, wọ́n á ní Halelúyà."

Wọ́n wo ara wọn, ni ẹ̀rín bá ta. Ẹ̀rù tó wà láyà mi sì fò lọ. Mo da ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mò ń fọwọ́ júwe ẹ̀dọ̀fóró, mo sọ nípa àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, tí àwọn dókítà ń retí pé omi náà lè rọra bá wọn la ẹ̀dọ̀fóró. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé intafíù ni.

"Ká ní o wà níbẹ̀," olórí wọn ní, "kí lo máa béèrè lọ́wọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì náà?"

"Màá béèrè ẹni tó nu èkúté náà gbẹ."

Ó ní kí n ṣàlàyé.

"Òtútù á ti mú un," mo ní. "Omi ṣì wà láyà rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dì í mú, kí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ó fi aṣọ wé e, kí ó jókòó tì í títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kà, mi ò rí ẹni yẹn níbẹ̀."

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe," mo ní, ohùn mi ò sì gbọ̀n. "Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń wẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà nílé wọn ní Thamesmead."

Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní lẹ́tà á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí n lọ máa dààmú: àwọn máa rí mi ní September tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Beresford Square, ní Woolwich, ni mo ti pe màmá mi, láàárín àwọn tó ń ta báàgì àti aṣọ, mo sì ń sunkún ayọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù kéà lọ́rùn, mi ò sì da kóòtù bò ó bí mo ti máa ń ṣe.