Ààrẹ Orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Tí láńlọ́ọ̀dù wa ní Ìgbògbò bá ti wúkọ́ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ìtàn ààrẹ Amẹ́ríkà kan ló kàn. Olùkọ́ ìtàn ni láńlọ́ọ̀dù kó tó fẹ̀yìn tì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ, tí kò fi lè sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Á ní, "Orí kẹ̀kẹ́ arọ lọkùnrin yẹn ti darí ogun àgbáyé. Kì í jẹ́ kí ará ìta rí i níbi tí wọ́n bá ti ń gbé e."

Mo máa ń fèsì pé, "Ààrẹ, ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká gbé yín, a ó dijú." Á ní kí n gbé ẹ̀fẹ̀ mi lọ sílé ìyá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo kú ní Ẹ̀pẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò ní jẹ́ kí òkú rí Àlàásárì. Àwa ayálégbé dúró láti gbé láńlọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀ wọ mọ́tò.

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ojúde dá."

Ṣùgbọ́n àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ló kún ojúde. Bí a ṣe ń sin àwọn kan jáde làwọn mìíràn ń wọlé. Ìgbà tí ojúde máa fi dá, fóònù dún láti Ẹ̀pẹ́: wọ́n ti sin ín.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sí wa. "Ó yá, ẹ gbé mi."

Ìyàwó rẹ̀ nu ojú. "Ká gbé yín lọ síbo, Alhájì?"