Alùpùpù Agbẹ̀bí Ìjerò

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìjerò ni mo ti ń tún alùpùpù ṣe. Ìlá ni mo ti wá, n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mo sì gbà pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí mo máa gbọ́ ohùn rẹ̀ tí n kò ní mọ àrùn tó ń ṣe é. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tèmi nìkan ni mo mọ̀ nígbà náà.

Agbẹ̀bí kan wà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń gun alùpùpù lọ gbẹ̀bí títí dé Ìpotì àti àwọn abà kòkó tó wà níbẹ̀. Ó gbé e wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ní tí òun bá tàn án sílẹ̀, ohùn rẹ̀ a já geere. Tó bá ń sáré, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níná díẹ̀ láti gbéra, á máa wúkọ́, á sì fẹ́ kú.

“Àmọ́ tí mo bá fa ṣóòkù rẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe ń fà á láàárọ̀ tó bá tutù, ara rẹ̀ a balẹ̀.”

“Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi,” mo dá a lóhùn. “Púlọ́ọ̀gì ni.”

Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò yí padà. Ó tún gbé e wá, mo ní omi ló wà nínú epo tí wọ́n rà. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ ṣóòkù yẹn. Mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, àgbẹ̀ kan wá pè é láàárọ̀ pé ìyàwó òun ń rọbí ní abà kan lẹ́yìn Ìpotì. Alùpùpù kú mọ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́ lórí òkè, kò sì jí mọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó fẹsẹ̀ rìn ín.

Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ ti alùpùpù náà bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọ̀nà ni mo ti wá ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀: ṣóòkù ń dín afẹ́fẹ́ kù, bí ìyẹn bá ń tù ú lára, a jẹ́ pé epo ni kò tó o. Mo tú kabúrétọ̀ palẹ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Ihò tíntín tó ń gbé epo wọlé nígbà tí iná kò tíì pọ̀, ìdọ̀tí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i tán. Mo fi fọ́nrán wáyà tó rọ̀ tú u, mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo tò ó padà, mo fún un níná díẹ̀. Kò wúkọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni agbẹ̀bí dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú,” mo ní. “Èmi ni n kò gbọ́ yín. Ìyá ọmọ ńkọ́?”

“Ọmọ ti wáyé kí n tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ni mo bá tó ń dà lára ìyá rẹ̀. A rí i dá dúró, ṣùgbọ́n ó pẹ́.” Ó jókòó sórí àpótí mi. “Ṣé alùpùpù ti sàn?”

Mo ní ó ti sàn. Ó gùn ún lọ díẹ̀, ó bọ̀, ó ní, “Ó ti dáa,” ó sì lọ ilé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni mo tún ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn tí n kò rántí mọ́. Obìnrin abà yẹn ni mo ń rántí, ẹni tí n kò fojú kàn rí, tó kù díẹ̀ kó kú nítorí pé ẹnu mi yá ju etí mi lọ.