Ta Ló Ń Ya Fọ́tò Igun Títì?

Nígbà yẹn, ní àdúgbò wa ní Miaoli, bí ẹnikẹ́ni bá yọ fóònù lápò, gbogbo ojú á yí sí i. Ẹnì kan láàárín wa ń ya fọ́tò ọkọ̀ tó bá dúró ní igun títì, lórí ìlà pupa tó ní kí ọkọ̀ má dúró síbẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Òfin fàyè gbà á, ọlọ́pàá kì í sì í dárúkọ ẹni tó bá ránṣẹ́. Ìwé owó ìtanràn ń wọlé tọ àwọn èèyàn wá léraléra. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí wọ́n fi kun ibẹ̀ ní pupa. Orúkọ olófòófó náà nìkan ni wọ́n ń wá.

Igun yẹn gan-an ni Lo Yun-chiao ti ń ta oúnjẹ àárọ̀. Orí òkè tí wọ́n ti ń gbin tíì ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ọkọ rẹ̀ kú kí ọmọ wọn tó mọ̀ ọ́n rìn, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fa ìkòkò wàrà sóyà lé e lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ ẹ̀wà, ó ti sẹ́ ẹ, ó ti gbé e kaná. Kì í pọ́n oníbàárà, kì í sì í bú wọn. Ó mọ ẹni tí kì í mu ṣúgà àti ẹni tó fẹ́ kí etí ẹyin òun jó díẹ̀.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Orí ìlà pupa ni wọ́n ń dúró sí, wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì, láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti ń pariwo ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó fura sí i. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oníbàárà lọ?

Tíṣà Peng ni wọ́n fura sí, ọkùnrin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé inú kọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Tíṣà ni, mo ń sọ fún yín," ni Fan Jui-tien wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Fan ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbé gáàsì ìdáná kiri ilé, òun sì ni owó ìtanràn ká lára jù. "Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ṣé ìrìn ẹni tínú ẹ̀ mọ́ nìyẹn?"

"Orúnkún ló ń dùn ún," ni A-lan onídìrí dáhùn.

"Orúnkún wo? Ó ń yọ́ wò wá ni. Àtìgbà tó ti ń kọ́ wa níléèwé ló ti máa ń ṣọ́ èèyàn."

"Àbí ó nà ẹ́ nígbà yẹn?"

"Ó mú mi dúró sóòrùn."

"Kí lo ṣe?"

"Mo sùn ní kíláàsì."

"Háà! Ó yẹ kó fi ẹ́ síbẹ̀ dòní."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Yun-chiao kò rẹ́rìn-ín. Ó na ike wàrà sí Fan. "Fan, ọkọ̀ rẹ ò jẹ́ káwọn èèyàn ríran."

"Ìṣẹ́jú kan péré, Àǹtí mi."

Mo ń jẹun níbẹ̀ láràárọ̀, nítorí pé mo ti gboyè jáde, kò sì síṣẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ máa ń wo ọwọ́ èèyàn. Mo rí i pé Yun-chiao, tí kì í ya fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàápàá, máa ń nu ọwọ́ gbẹ kó tó kó ìdọ̀tí síta, fóònù á sì wà lábẹ́ garawa ìdọ̀tí náà. Lọ́jọ́ kan mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù láti fọ ọwọ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, iná rẹ̀ kò tíì kú. Ọkọ̀ Fan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ìlà pupa.

Yun-chiao dúró lẹ́yìn mi. "O rí i."

"Mo rí i, Àǹtí."

"O máa sọ?"

"Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe é?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye owó ẹyin. Ní àsìkò òjò tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀, Yi-chen, sẹ́yìn alùpùpù. Ọkọ̀ Fan dí igun náà pa, ìyá náà sì ní láti yọ orí alùpùpù síta kó tó lè ríran. Ọkọ̀ kan tí kò tilẹ̀ sáré ló gbá wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì tọ́ dòní. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Gbogbo àdúgbò sunkún, wọ́n gbé èso lọ sí ọsibítù.

"Lọ́jọ́ kejì," ni Yun-chiao wí, "Fan dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́ ìjàǹbá náà gan-an. Ó ní kí n fi ẹyin méjì sí i. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní Àǹtí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ̀rọ̀ tán."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan da gúlúù sínú ihò kọ́kọ́rọ́ ilé Tíṣà. Tíṣà pààrọ̀ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ì bá ti pariwo. Ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Fan gbé ọkọ̀ rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà Tíṣà. "Kó wá ya fọ́tò ìyẹn," ló wí. Ó sì mọ̀, gbogbo wọn mọ̀, pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ọsibítù ń wá gbé ìyàwó Tíṣà. Kíndìnrín obìnrin náà ti kú, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà dé, ó ń tẹ fèrè lẹ́nu kọ̀ọ̀rọ̀. Ìyàwó Tíṣà ti jókòó sórí àga onítáyà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ojú rẹ̀ wú. Ọkọ̀ Fan sún mọ́ ògiri débi pé àga náà kò lè kọjá.

"Jọ̀ọ́, Jui-tien," ni Tíṣà wí. "Èmi kọ́."

"Ẹ jẹ́wọ́ ni, Tíṣà. Ẹnu lásán ni. Màá gbé ọkọ̀ kúrò."

A-lan rọra ní, "Fan, ìyàwó wọn ńkọ́?"

"Kí wọ́n yára jẹ́wọ́ nìyẹn."

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀. "Bí mo bá ní èmi ni, ṣé wàá gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀?"

Bí Fan ṣe la ẹnu láti dáhùn ni Yun-chiao dé, ìgbákọ wàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fan, gbé ọkọ̀ rẹ. Èmi ni."

Fan rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ lọ wo ìkòkò yín. Ẹ má gbèjà ẹlòmíì."

Yun-chiao gbé fóònù sójú Fan. "Ìwọ rèé. Ìwọ náà rèé. A-lan, alùpùpù rẹ rèé. Mo lè fi ti gbogbo yín hàn, tẹ́ ẹ bá láyè. Obìnrin yẹn ò láyè."

Ẹ̀rín dá.

"Ẹ̀ ń gbowó wa!" ni Fan kígbe.

"Oúnjẹ ni mo fi ń gbà á. N ò ta ojú mi fún yín."

Fan tutọ́ sílẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ kúrò. Ìyàwó Tíṣà débi tó ń lọ.

Láti ọjọ́ kejì, kò sí ọkọ̀ kankan tó tún dúró ní igun náà. Oníbàárà tí Yun-chiao ní kò ju àwọn ọmọ iléèwé tó ń fẹsẹ̀ rìn. Tíṣà gan-an kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó lè ya tiwọn lè ya tòun. Ẹ má bi mí bóyá àdúgbò kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní òpópónà kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bá wọn wí.

Nígbà tí wàrà ṣẹ́kù ju èyí tó tà lọ, Yun-chiao da omi síná. "Ibi tí Fan ti ń jẹun báyìí," ló bi mí, "ṣé wọ́n kun igun rẹ̀ ní pupa?"

"Wọ́n kùn ún, Àǹtí."

"Àwọn ọmọdé máa ń gba ibẹ̀?"

"Wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ síléèwé."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó mú fóònù, ó sì forí lé òpópónà kejì.