Ọjọ́ Tí Ràmọ́tà Gba Máíkì ní Ìkòtún

Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilé ìwé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, nígbà tí àwa olùkọ́ yunifásítì tún da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kéré nígbà náà lè máa rò pé tara wa nìkan là ń jà fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ìjọba kan. Ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ kí ilé ìwé wa wà lára èyí tó dára jù lágbàáyé. Wọ́n kun ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìwádìí wa, ẹ̀rọ omi ti gbẹ, iná kì í dúró, kẹ́míkà ti tán. Ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe, yíyà ni mò ń yà á sójú bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé. Aránṣọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Ràmọ́tà, ni aládùúgbò mi. Ràmọ́tà, ọmọ rẹ̀, wà ní ẹ̀ka wa. Bí ìyanṣẹ́lódì ṣe ń pẹ́ sí i, ìyá náà kò dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Màmá Túndé, ẹ padà síbi iṣẹ́ jàre! Ọmọ mi ń fi ojoojúmọ́ sùn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń ba orúkọ ilé ìwé jẹ́ lójú ayé."

Ràmọ́tà jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Màámi, ẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé."

"Kí lo ti ṣe?"

"Àwòrán, Màámi. Àwòrán ni mo ń dà kọ."

Ìyá rẹ̀ wò mí, ó fa àga kan sílẹ̀ fún mi.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi pe àwọn òbí sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòtún, kí àwọn òbí lè bá wọn bú wa. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ ní kí olùkọ́ kankan má lọ. Ṣùgbọ́n èmi àti Dókítà Ayọ̀délé, tí a jọ ń kọ́ni ní ẹ̀ka wa, sọ pé àwa yóò lọ. Ọlọ́pàá dá wa dúró lẹ́nu géètì, ni Ìyá Ràmọ́tà bá di ọwọ́ mi mú.

"Òbí lòun náà, àbí kò bímọ ni? Ẹ yà fún wa!"

Wọ́n yà, Ràmọ́tà àti Ayọ̀délé sì tẹ̀ lé wa wọlé.

Nínú gbọ̀ngàn, aṣojú ìjọba ń fi fọ́tò yàrá ìwádìí kan tó mọ́ tónítóní hàn wá lára ògiri. Ràmọ́tà dìde, ó gba máíkì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ilé ìwé yẹn ni mí. Yàrá yìí, ibo ló wà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, sà. Ìgbà wo ni yóò dé?"

Wọ́n pa máíkì. Ó gbé ohùn sókè. Ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú un, ni èmi àti Ayọ̀délé bá dúró síwájú rẹ̀. Ayọ̀délé ni wọ́n wọ́ lọ. Ìyá Ràmọ́tà kígbe: "A jọ ń lọ ni!" Gbogbo òbí tú jáde tẹ̀ lé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò dìde títí ọlọ́pàá fi tú Ayọ̀délé sílẹ̀.

Kí la rí gbà? Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, omi dé, iná sólà dé, kẹ́míkà dé. Ràmọ́tà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ti pẹ́ jù, àwọn kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò padà sí kíláàsì mọ́ láé. Nítorí ọjọ́ yẹn, àwọn aláṣẹ yunifásítì du Ayọ̀délé ní ìgbéga tó tọ́ sí i, ó sì lọ sí Kánádà. Yunifásítì àwọn ẹlòmíràn ni ìwádìí rẹ̀ ń gbé ga báyìí. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo yà sí ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì wa, mo bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi iná fóònù wo ẹ̀rọ tó ti dípẹtà. Mo ní kí wọ́n pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi pè é.

Ọ̀la ni ìpàdé náà. Orúkún ń ro mí, ṣùgbọ́n mò ń lọ.