Àwòrán Tí Mo Yà Nípa Òpó Itele

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sẹ́yìn ilé wa ní Itele, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń kùn tọ̀sán-tòru, tí inú sì ń bí gbogbo wa sí i. Kò pẹ́ sí i ni àìsàn wọ àdúgbò, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, àwọn ọmọdé ló sì ń mú jù. Àwọn kan ti rí i lórí fóònù pé irú òpó bẹ́ẹ̀ ń tú májèlé sáfẹ́fẹ́, pé àwọn alágbára kan ló fẹ́ fi dín wa kù. Ẹ̀rí ni wọn kò ní. Èmi ni mo fún wọn.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà nílé iṣẹ́ oníke kan ní Ṣàngó. Èmi ni mo máa ń ya ìlà tó ń fi iye ọjà tí a ṣe lójúmọ́ hàn sára pátákó, ọ̀gá wa a sì máa yìn mí. Orí mi wú. Mo gbà pé ohunkóhun tí mo bá ti fi rúlà fà, òdodo ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ra káádíbọ́ọ̀dù, mo ya òpó sáàárín, mo ya àwọn ilé yí i ká, mo wá ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ilé tó bá ti ní aláìsàn, mo fi bírò pupa sàmì sí i. Nígbà tí oòrùn mú, tí ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo padà sílé láìdé òdìkejì títì. Gbogbo àmì pupa mi wá rọ̀gbà yí òpó ká, èmi ọ̀mọ̀wé sì dúró, mo ń wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sórí wasáàpù àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Ojú Òre. Bàbá onílé wa, tí gbogbo wa ń pọn omi nínú kànga rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì ìjọba kan gbé oògùn tí wọ́n ń dà sómi láti pa kòkòrò wá. Ó ní ká má mu omi kànga náà mọ́, pé ṣaláńgá ti sún mọ́ ọn jù. Àwọn ará àdúgbò ní kí n gbé àwòrán mi jáde. Nọ́ọ̀sì náà wò ó dáadáa.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ dé òdìkejì títì? Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Àwọn tó ń wá pọnmi níbí ló ń ṣàìsàn lọ́hùn-ún. Àwọn tí kì í pọn ọ́n, kò ṣe wọ́n.”

Mo mọ̀ pé mi ò débẹ̀. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ ojú gbogbo ayé wà lára mi. Mo bi í bóyá àwọn tó ni òpó ló rán an wá. Ìyẹn ti tó. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n da oògùn rẹ̀ sí gọ́tà.

Obìnrin télọ̀ kan wà ní yàrá kejì sí tèmi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ti ń bì láti àárọ̀. Ó bi mí pé kí ni kóun ṣe. Mo ní kó gbé e jìnnà sí òpó, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ojú Òre. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga wa dání, torí omi wọ́n níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà kú.

Bàbá onílé rọra fi búlọ́ọ̀kù dí kànga. Àìsàn lọ. Wọ́n ní àwòrán mi ló dẹ́rù ba àwọn olópòó, pé wọ́n ti dín agbára òpó náà kù. N kò jiyàn. Ojú ń tì mí, ojo sì ni mí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ṣì ń sáré. Lóṣù tó kọjá, mo pàdé obìnrin télọ̀ yẹn ní Ṣàngó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ní kò sí ìyá ọlọ́mọ tóun kì í fi àwòrán náà hàn.

“Ọlọ́run á san án fún yín ní rere, Bọ̀dá Akọ̀wé. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, n kì bá tí mọ ohun tó pa ọmọ mi.”

Mo ní àmín.