Mọ́tò Tó Ń Mu Omi: Bí Èmi àti Bàbá Ọkọ Mi Ṣe Lọ sí Muṣin

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti jí síná mọ́tò, inú sì ń bí mi. Mo ti sọ fún bàbá ọkọ mi pé kí wọ́n jókòó sílé, pé ọ̀nà Èkó jìn, pé ọkọ̀ yìí ò ṣeé fọkàn tán mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tan iná iwájú ọkọ̀ báyìí, àwọn ni mo rí lẹ́nu géètì, pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá wọn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Bàbá, ṣebí a ti sọ̀rọ̀ yìí tán lánàá?"

"Ìwọ lo sọ ọ́, ìyàwó. Èmi ò fèsì." Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí nílé mọ̀ pé ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa bá bàbá ọkọ ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ní ìdájí? Mo wakọ̀ lọ.

Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, tí bàbá ẹ̀ ń pè ní Àkànní, ló ra mọ́tò yìí ní àlòkù kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a lọ́dún tó kọjá. Òun ni mo fi ń kó aṣọ láti Tejúoṣó wá tà lọ́jà wa. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Mẹkáníìkì wa nílé ṣí rédíétọ̀, ìyẹn agolo ńlá tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbé, ó rí nǹkan funfun kan tó ki níbẹ̀, ó mi orí. Ó ní ọ́ìlì ti bá omi pò, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, ti jó. Ó ní owó tí n ó fi tún un ṣe ju owó mọ́tò lọ. Mo wá pinnu pé kí Ọ̀gá Làmídì ní Muṣin, tó ń bá wa tún un ṣe nígbà tí a ń gbé Sùúrùlérè, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí òun náà bá ní ó ti jó, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ọkọ̀ tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni n ó tà á sí, kí n wọ lọ́rì padà sílé.

A gba Ọ̀yọ́ kọjá, ilẹ̀ mọ́ bá wa lọ́nà Ìbàdàn. Mo ra àkàrà kọ́bọ̀ mẹ́wàá, mo da omi kún rédíétọ̀. Ní Ìjẹ̀bú Òde, mo tún da omi kún un. Nílé wa, iṣu là ń fi yangàn. Níbẹ̀, gààrí ni, ó kan, ó sì gbẹ kanrankanran. Bàbá tọ́ ọ wò lọ́dọ̀ obìnrin mẹ́ta kí wọ́n tó ra agolo kan ní kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mu ún ni.

A kọjá Ṣágámù díẹ̀ ni ooru mú mọ́tò. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní kí Bàbá má fọwọ́ kan ìdérí, torí omi gbígbóná á bó wọn. Ó tó wákàtí kan kó tó tutù, mo wá lọ tọrọ omi ní abúlé kan. Ìyá tí mo bá níbẹ̀ bu kún korobá fún mi, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo padà, Bàbá ń gbọn ọwọ́ wọn nù. A gba Ìkòròdú wọ Èkó pẹ̀lú ooru mọ́tò tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Èéfín àwọn ilé iṣẹ́ Ìlúpéjú ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Nílé, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, kí á tó dé orí ohun tó gbé èèyàn wá. Ní Muṣin, ẹni àkọ́kọ́ tó rí mọ́tò wa kò tíì kí wa tán tó fi ní, "Àǹtí, ẹ́ńjìn yìí ti nọ́ọ̀kì o!" Ohun tí wọ́n ń pe ikú ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Ọ̀gá Làmídì ò bá wa kánjú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó fún wọn ní àga, ó jẹ́ kí mọ́tò tutù. Lẹ́yìn náà ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó nu ún sórí bébà.

"Ẹ wò ó, Àǹtí. Ó dúdú, ó ń dán. Tómi bá wọ inú ẹ̀, ṣe ló máa dà bíi tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí."

Ó tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Ó ní bí omi bá ń wọ ọ̀kan, ìyẹn á mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó dá wọn padà, ó da omi kún rédíétọ̀, ó síná láìdé e. Ó ní bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jó, omi náà á máa hó kùtùkùtù láti ìsàlẹ̀ wá. A dúró, a dúró. Omi ò hó. Ó lọ wo ẹnu sáláǹsà lẹ́yìn, kò rí èéfín funfun kankan.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì ò jó," ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín: inú mi ò dùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó síbi tí Bàbá Dúpẹ́ máa ń jókòó sí, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́. Mo fẹ́ kí mọ́tò náà kú fúnra ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé mo ta ẹrù ọkọ mi.

Ọ̀gá Làmídì wá fi ìka ha nǹkan funfun yẹn, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó tún tọ́ ọ wò. "Àǹtí, ta ló ń fún mọ́tò lóúnjẹ? Gààrí Ìjẹ̀bú nìyí."

Mo yíjú. Ilẹ̀ ni Bàbá ń wò. Ọ̀gá Làmídì náà rí wọn, ojú àgbà sì tì í. Ó ní kíá pé, "Bóyá ẹni tó ta mọ́tò fún yín ló fi síbẹ̀."

"Má purọ́ nítorí mi," Bàbá wí. "Èmi ni. Nígbà tí mo wà nídìí lọ́rì, tí rédíétọ̀ bá ń jò nínú ijù, ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan la fi ń dí i tá a fi ń délé."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan á gbé yín délé, Bàbá. Ẹ̀kúnwọ́ ogún á dí gbogbo ọ̀nà omi."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, wàá tà á." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ìyàwó, a kì í jẹ́ kí bàbá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀ sí. Èmi ò mọ ibi tí Àkànní wà. Mọ́tò yìí nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn."

Mo fi etí ìró bojú, mo sunkún níwájú gbogbo Muṣin. Ọ̀gá Làmídì lọ ń wá sípánà kan tí kò nílò.

Ibi tí omi ń jò ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, lára rọ́bà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi irin dè é. Náírà méjì la fi ra tuntun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tú rédíétọ̀ sílẹ̀, wọ́n da orí ẹ̀ kodò, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́ títí gààrí fi ń jáde wálewàle, tí àwọn adìyẹ àdúgbò wá ń ṣa á jẹ. Ìyàwó Ọ̀gá Làmídì tẹ́ ẹní fún wa sùn.

Lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀nà, mo sọ ọ́ fún Bàbá: "Mo fẹ́ kó ti kú ni, sà. Ó ń dùn mí láti wà á." A kọjá Ìbàdàn. Ọwọ́ aago tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ò kúrò láàárín. Wọ́n wá ní, "Mi ò mọ̀ pé ó wúwo fún ọ tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko lèmi ń da omi sínú mọ́tò yẹn, tí Bàbá ń da gààrí sí i, tí ọ̀fọ̀ kan náà ń pa àwa méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan, tẹ́nì kan ò sì sọ fún ẹnì kejì.

Ìrọ̀lẹ́ la wọlé. Gbogbo agboolé tú jáde, torí wọ́n ti rò pé lọ́rì la máa bá dé. Àbúrò ọkọ mi pariwo pé, "Ẹ ẹ̀ ta mọ́tò Àkànní mọ́!"

Bàbá rọra bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́.

"Mọ́tò ìyàwó mi ni," ni wọ́n wí. "Bó bá wù ú lọ́la, kó tà á."